Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ, Iṣẹ́ Tiwa Ni

Láàárín àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ohun tí a máa ń sọ ni pé iṣẹ́ àwọn ará informatique nìyẹn. Tiwa ni ká kọ́ ìró, ká kọ́ mọ́fíìmù, ká ṣe mémoire lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ní Kétu tàbí lórí orúkọ ènìyàn ní Ṣábẹ. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá pàdé lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ni: "tẹ ibí", "fi ránṣẹ́", "fagi lé e". Ta ni ó yẹ kó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tó ń kà á, bí kì í bá ṣe ẹni tó fi ọdún mélòó kan kọ́ nípa èdè?

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dárúkọ ìwé mélòó kan tó yẹ kí gbogbo wa kà kí a tó jáde. Ìmọ̀ tí wọ́n dá lé lórí ni ti bí a ṣe ń ṣe ohun-èlò kó lè rọrùn fún ẹni tó fẹ́ lò ó, èyí tí a ń gbọ́ lédè Faransé bí ergonomie. Ìrọ̀rùn-ìlò ni n ó máa pè é níbí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá, a ó jọ gbé e yẹ̀ wò.

Kí a tó ṣí ìwé kankan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ ìyá wa fi ń gba owó ọjà, òun náà ni wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ nílé ìwé. Mo wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi kan tó ń ta gàrí ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé "Saisissez le montant". Obìnrin yìí mọ owó kà jù mí lọ, kò sí oníbàárà tó lè fi fàráǹkì márùn-ún rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kó tó rí ẹni tó máa sọ ohun tí "saisissez" jẹ́ fún un, àkókò ti tán, ẹ̀rọ ti pa ìbéèrè náà dé. Ó bá na fóònù sí ọmọ tó wà ní ìsọ̀ kejì, ó sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sókè kí ọmọ náà lè gbọ́. Ìkọ̀kọ̀ wo ló tún kù níbẹ̀? Nígbà tí mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ni mi ò gbọ́n." 

Gbólóhùn yìí ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ dárúkọ dìde sí. Donald Norman ló kọ ọ́, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà jáde ní 1988, orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí ni The Design of Everyday Things, Norman sì tún un ṣe ní 2013. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi àti sítóòfù ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá di dandan kí a kọ "Poussez" sára ilẹ̀kùn kí ènìyàn tó mọ̀ pé títì ni wọ́n ń tì í, Norman ní ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn náà ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì. Ẹ wo sítóòfù onígáàsì tó ní ojú iná mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí wọ́n wá to ọwọ́ tí a fi ń tàn án mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan ṣoṣo. Èwo ló wà fún èwo? 

Lẹ́yìn ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ní 1979, Norman wà lára àwọn tí wọ́n pè láti wá wádìí ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ṣe àṣìṣe. Ohun tó rí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kọ́ ló burú. Bí wọ́n ṣe to yàrá ìdarí ọ̀hún ló ń ti ènìyàn sínú àṣìṣe. Ẹ̀kọ́ tó fi kọ́ wa kò le: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń kọsẹ̀ níbì kan náà, ẹ má bá ẹsẹ̀ wọn wí, ẹ lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí Norman ń bẹ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn bí àgbà.

Ẹnì kejì ni Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tó kọ Usability Engineering ní 1993. Ní 1994 ó to ìlànà mẹ́wàá kalẹ̀ tí wọ́n ṣì fi ń yẹ ojú ẹ̀rọ wò títí di òní. Ìlànà kejì ló kàn wá jù lọ: kí ẹ̀rọ máa sọ èdè ẹni tó ń lò ó. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni ó ń wí. Ènìyàn lè tú gbogbo ojú ẹ̀rọ sí Yorùbá kó má sì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, bí ó bá jẹ́ Yorùbá tí a dá sílẹ̀ nínú yàrá ni. Ìlànà kẹsàn-án sọ pé bí nǹkan bá dàrú, kí ẹ̀rọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, kó sì sọ ọ̀nà àbáyọ. "Erreur 403" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń tajà. "Owó yín kò tó, ó ku 200 fàráǹkì" sọ ohun gbogbo.

Gẹ̀ẹ́sì lè máa ṣòro fún àwa tí a fi Faransé kàwé. Kò burú. Ní 1993, Christian Bastien àti Dominique Scapin ní ibùdó ìwádìí INRIA ní ilẹ̀ Faransé to òṣùwọ̀n mẹ́jọ kalẹ̀ fún yíyẹ ojú ẹ̀rọ wò, ó sì wà ní Faransé. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà ń jẹ́ signifiance des codes et dénominations. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Saussure, ẹ ti gbọ́ orúkọ yìí kó tó délé. Saussure kọ́ wa pé kò sí okùn àbínibí kankan láàárín ọ̀rọ̀ àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Àdéhùn àwùjọ ló so wọ́n pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé atúmọ̀-èdè kan ṣoṣo kò lè jókòó sí Kútọnu kó pinnu ohun tí bọ́tìnnì kan yóò máa jẹ́. Àwùjọ ló ni àdéhùn, àwùjọ la gbọ́dọ̀ bi.

Ẹ̀rí wà fún èyí, kì í ṣe èrò lásán. Ní 1987, Furnas, Landauer, Gomez àti Dumais tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Communications of the ACM. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tó bá wá sí wọn lẹ́nu dárúkọ nǹkan. Bí a bá mú ẹni méjì, kò tó ìgbà kan nínú márùn-ún tí wọ́n ń yan ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ bá yan orúkọ tó wù ú, a jẹ́ pé orúkọ náà kò ní jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó fẹ́ lò ó ń retí.

Ẹ wò ó nílé. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹnì kan á pè é ní fóònù, ẹnì kan á ní alágbèéká, ẹnì kan níbí á sì ní portable, kò sì sí ẹni tó ń ṣe àṣìṣe nínú wọn. Ẹ tún wo "fi pamọ́". Òun ni a máa ń fi túmọ̀ enregistrer. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ túmọ̀ masquer náà, "fi pamọ́" ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, nítorí pé ohun tí a fi pamọ́ lè jẹ́ ohun tí a tọ́jú, ó sì lè jẹ́ ohun tí a gbé kúrò lójú àwọn ènìyàn. Bí bọ́tìnnì méjèèjì bá wà lábẹ́ àwòrán kan náà ńkọ́? Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká ni yóò là á. Bọ́tìnnì kò ní gbólóhùn tó yí i ká. Ó dá dúró bí òpó. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ nìyí, tó di ọ̀rọ̀ àwòrán tó sọnù tàbí tí kò sọnù.

Ti ohùn tún wà níbẹ̀. "Kọ" ni ká fi lẹ́tà sórí ìwé. "Kọ̀" ni ká sọ pé a kò gbà. Bí a bá yọ àmì kúrò, bọ́tìnnì méjì tó takora di ọ̀kan náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ àmì kúrò? Kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù máa ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún fóònù. Lẹ́tà é, è àti à wà nínú àkójọ náà. Lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ, ɛ àti ɔ kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò ní gbà ju 70 lọ mọ́. Lẹ́tà ẹ́ tó ní àmì lórí tún ń gba ààyè méjì, nítorí pé Unicode kò ní in gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹni tó ń sanwó lórí àtẹ̀jíṣẹ́ yóò yọ àmì kúrò kí owó má baà di ìlọ́po méjì.

Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ tún ní wàhálà tiwa lọ́tọ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ɛ àti ɔ ló lò, sh sì ni ó fi rọ́pò ṣ. Àkójọ CLDR, tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń mú orúkọ ọjọ́ àti oṣù láti inú rẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ní yo fún Yorùbá gbogbogbòò, ó sì ní yo-BJ fún tiwa, níbi tí a ti ń rí Ɔjɔ́ dípò Ọjọ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ Kétu tó ń ka Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà rí Ɔjɔ́ kà kíákíá bí Ọjọ́? Èmi gan-an, ẹ àti ọ ni mo fi kọ èyí, nítorí pé òun ni ìka mi rí lórí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ló yan àkọtọ́ fún mi, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe olùkọ́. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìwé tí mo ń dárúkọ yìí tó sọ̀rọ̀ nípa èyí. Àwa ló kù tí a ó kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn pragmatique, kó wá Lucy Suchman lọ. Onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto ní Kalifóníà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ya fíìmù àwọn ènìyàn méjì-méjì bí wọ́n ti ń gbìyànjú láti lo ẹ̀rọ fọ́tókópì, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó wá tú ìtàkúrọ̀sọ wọn palẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì: ta ló sọ̀rọ̀, ta ló dákẹ́, níbo ni àṣìgbọ́ ti wọlé. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ni Plans and Situated Actions, ní 1987. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ rò pé ènìyàn ń tẹ̀ lé ètò tí wọ́n ti là sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn ń wo ojú ọ̀nà kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀rọ náà dààmú nínú fíìmù ọ̀hún ni Ron Kaplan, ẹni tí òun àti Joan Bresnan jọ dá gírámà LFG sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ fọ́tókópì bá lè da irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàmú, ta ni yóò tún sọ pé ẹni tó ń tajà ni kò gbọ́n?

Ti àwọn tí kò mọ ìwé kà ńkọ́? Indrani Medhi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Microsoft ní Bangalore, ní Íńdíà, ṣiṣẹ́ lórí èyí ní nǹkan bí ọdún 2006. Àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún ẹlòmíràn ni wọ́n bá ṣe é, wọ́n sì ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè fi wá iṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ nínú rẹ̀, àwòrán àti ohùn ni. Wọ́n fi nọ́ńbà sílẹ̀, nítorí pé àwọn obìnrin náà mọ nọ́ńbà. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá kàn ya ohun-èlò kan, àwọn obìnrin náà kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n fi omi tó ń dà sí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó yé wọn pé fífọ nǹkan ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí nìyẹn bí kò bá ṣe ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe?

Ìwé tó kẹ́yìn ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí pé ó kéré, ó sì dùn. Steve Krug kọ Don't Make Me Think ní 2000, wọ́n sì tú u sí Faransé ní Je ne veux pas chercher ! Ohun tó ń sọ kò ju báyìí lọ: má jẹ́ kí ẹni tó ń lo ohun tí o ṣe máa ronú lórí ohun tí kò yẹ kó gba ìrònú. Bí o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣe é dáadáa, jókòó ti ẹnì kan, fún un ní iṣẹ́ kan ṣe lórí ẹ̀rọ náà, kí o sì pa ẹnu mọ́. Pípa ẹnu mọ́ ló le jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ohùn sílẹ̀ ní abúlé fún mémoire rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní Faransé ni gbogbo ayé níbí fi ń lo ẹ̀rọ, kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe? Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ti lọ sílé ìwé. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, a kò sì bi àwọn tó wọ ọ́. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú kọ́ àwọn ìyá wa ní ìwé. Kí a kọ́ wọn, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lónìí kò lè dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó kù á ní kò sí owó ìwádìí. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé a lè jà níyàn.

Nielsen àti Landauer ṣe ìṣirò kan ní 1993, Nielsen sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2000: bí ẹni márùn-ún péré bá dán ojú ẹ̀rọ wò, wọn yóò ti rí nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 àwọn ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ó fi kún un pé bí àwọn tó ń lò ó bá jẹ́ oríṣi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a mú ẹni mẹ́ta nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́ta ní Kétu, ẹni mẹ́ta ní Ṣábẹ, ẹni mẹ́ta ní Àjàṣẹ́: ẹni mẹ́sàn-án. A kò tilẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà. Ẹ ya ojú fóònù sórí bébà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì sí i, ẹ ní kí ènìyàn fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun yóò tẹ̀. Owó táksí àti owó bébà ni.

Àbá mi nìyí, ó sì yẹ kí a gbé e dé iwájú àwọn olùkọ́ wa. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó ń bọ̀, kí mémoire kankan tó bá dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, fún ìlera tàbí fún ìṣèlú má ṣe parí sórí àtẹ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ lásán. Kí ó ní orí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ bí ẹni mẹ́sàn-án ṣe lo ọ̀rọ̀ náà, èyí tó yé wọn àti èyí tí kò yé wọn. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, a ó ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí a dán wò, tí iléeṣẹ́ kankan tó fẹ́ fi Yorùbá sójú ẹ̀rọ ní ilẹ̀ yìí tàbí ní Tógò yóò fẹ́ rà. Bí a kò bá ṣe é, àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe é fún wa láti òkèèrè, nínú Yorùbá tí ìyá wa kò mọ̀, a ó sì máa fi rẹ́rìn-ín.

Ìwé Krug kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.